Ìwé Àyálò

Èmi Eduvina, èmi ni mo ń tọ́jú ìwé àyálò
ní yàrá ẹ̀yìn ilé-ẹ̀kọ́ tó kọjú sí èbúté Castro,
ní erékùṣù Chiloé, níbi tí òjò kì í béèrè
bóyá a ti sá aṣọ.
Mo ń kọ orúkọ, mo ń kọ ọjọ́,
mo ń kọ ohun tó jáde
àti bó ṣe rí nígbà tó wọlé.

Síbí ọlọ́rùn wíwọ́:
ó padà dé pẹ̀lú ojú eyín mẹ́rin.
Mi ò fi nǹkan kan dán an.
Eyín ọmọ Ulda ni,
ọmọ tí wọ́n ń fi oúnjẹ sí lẹ́nu títí di ọdún tó kọjá.

Dígí tó ń sọ lẹ́tà wẹ́wẹ́ di ràbàtà:
Eleuterio yá a láti fi ka ìwé tí ọmọ rẹ̀ kọ sí i.
Ọjọ́ kejì ló dá a padà.
Ó ní òun ti rí ohun tó wà níbẹ̀. Ó tó.

Kẹ̀kẹ́ ìjókòó, aláwọ̀ ewé:
iyanrìn etí òkun há sínú táyà.
Ẹni tó yá a ti sùn, kò jí mọ́.
Mi ò tíì gbọn iyanrìn náà dànù.

Wàyí o, pátákó olóhùn.
Ẹyọ kan ṣoṣo la ní.
Ogójì àwòrán ló wà lára rẹ̀: ajá, bọ́ọ̀lù, búrẹ́dì, ẹ ṣeun;
o tẹ̀ ẹ́, obìnrin kan á fọhùn nínú rẹ̀,
obìnrin ìlú ńlá, tó ń pe ọ̀rọ̀
bí ẹni tí kò tẹ ẹrẹ̀ rí láyé.
Nahuel ló yá a, láti erékùṣù Quehui.
Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ahọ́n rẹ̀ kò gbé ọ̀rọ̀ rí.

Ọmọ tó bá ṣípá ni ìyá rẹ̀ ń gbé.
Ọmọ tí apá ò gbọ́ tirẹ̀ ńkọ́?

Rosalba ìyá rẹ̀ sọ fún mi, ó ń nu ojú, ó ń rẹ́rìn-ín:
gbogbo ilé dúró yí tábìlì ká,
wọ́n ń retí “màmá”.
Tíì wà níwájú ọmọ, ṣúgà ṣíbí mẹ́ta,
bí wọ́n ṣe ń pò ó fún un láti ìgbà tó ti já lẹ́nu ọmú.
Nahuel wọ́ ìkúùkù rẹ̀ lọ, ó wọ́ ọ, ó wọ́ ọ,
ó tẹ̀ ẹ́.
Rárá, ni obìnrin ìlú ńlá wí.
Wọ́n ní ẹ̀rọ ti bàjẹ́.
Ó tún tẹ̀ ẹ́. Ṣúgà. Rárá. Ṣúgà. Rárá.
“Ọdún mẹ́sàn-án, Eduvina!
Ọdún mẹ́sàn-án ló fi ń mu ohun tó kórìíra,
tí mo sì ń sọ pé ó ń gbádùn rẹ̀!”

Ọ̀sẹ̀ méjì ni òfin fún wọn.
Wọ́n lo márùn-ún.
Nígbà tó padà, bọ́ọ̀lù kò sí lójú àwòrán mọ́:
ọkọ̀ ojú omi ló wà níbẹ̀, pẹ́ńsù káfíńtà ni wọ́n fi yà á,
wọ́n fi téèpù bò ó nítorí òjò.
Mo tẹ̀ ẹ́.
Ohùn ọkùnrin ló jáde, ó há bí ẹni tí òtútù mú:
“Bàbá ti dé!”
Òjò ń rọ̀ lẹ́yìn rẹ̀.

Òfin ní kí n pa ohùn ẹni àkọ́kọ́ rẹ́
kí n tó gbé e fún ẹlòmíràn.
Millaray wà lórí ìlà, láti Achao.
Ìka mi dúró. Ìka mi dúró títí.
Mo pa á rẹ́.

Nahuel ti padà sí ìdákẹ́jẹ́ rẹ̀,
àmọ́ Rosalba kì í fi ṣúgà sí tíì mọ́.
Àná ni mo tún kọ̀wé sí Santiago
pé kí wọ́n fi òmíràn ránṣẹ́.
Ẹ̀ẹ̀kẹrin nìyí.
Mo ya ọkọ̀ kékeré kan sí ẹ̀gbẹ́ ìwé náà,
kò jọ ọkọ̀.